Ẹ Jẹ́ Kó Ro Tán

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìwọ̀n kì í bá oníṣòwò jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbàgbàkugbà fún wọn. Bó bá wọ ọjà Bódìjà, á kí ìyá elélùbọ́, á bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, á wá fi ọwọ́ méjèèjì gba kóńgò lọ́wọ́ wọn. Kò tíì wo inú rẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ á ti yí ìdí kóńgò náà ká. Bí wọ́n bá ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, bí wọ́n bá ti gé etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti sọ fún un. Síbẹ̀ kò ní dá ìyá náà lẹ́bi. Á ní ká bu omi wá, ká fi ìwọ̀n tó ní òǹtẹ̀ ìjọba wọn kóńgò náà lójú gbogbo èèyàn. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ òun lè tan òun jẹ, ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ojúsàájú.

Ó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo wá ń kọ́ àwọn olùyẹ̀wò tuntun báyìí, ohùn rẹ̀ ló sì ń ti ẹnu mi jáde. Mi ò ní í sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àti èdìdì níbí. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ ìyẹn. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó fi lé wa lọ́wọ́ ni mo fẹ́ yìn: bí a ṣe ń múra àwo ìwọ̀n sílẹ̀ ní ilé epo kí a tó yẹ pọ́ǹpù wò.

Àwo náà ń gba 20 lítà. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é. Ikùn rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, dígí tó ní ìlà àti nọ́ńbà sì wà lára ọrùn náà. Nítorí pé ọrùn yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀nba epo tí ẹnikẹ́ni kò lè rí nínú kẹ́ẹ̀gì á gun ìlà sókè níbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n bí a bá da epo inú àwo nù, díẹ̀ á ṣẹ́ kù lára irin. Àwọn tó yẹ àwo náà wò kó tó dé ọwọ́ wa ti ro ti díẹ̀ yẹn mọ́ ọn: wọ́n rin inú rẹ̀, wọ́n dà á nù, wọ́n jẹ́ kó ro fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n tó fa ìlà 20 lítà sí i. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an ló yẹ kí àwa náà ṣe.

Bí a bá gbé àwo gbígbẹ sábẹ́ pọ́ǹpù, ara irin á mu nínú epo, ìlà á lọ sílẹ̀, a ó sì pe oníṣòwò tó ń wọ̀n dáadáa ní olè. Bí a bá rin ín tí a kò jẹ́ kó ro tán, epo tó kù nínú rẹ̀ á bá pọ́ǹpù gbé ìlà sókè, olè gidi á sì gba òǹtẹ̀ ìjọba. Àwo gbígbẹ ń rẹ́ olùtajà jẹ, àwo tí kò ro tán ń rẹ́ olùrà jẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìgbà wo la wá ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka 30 náà? Kì í ṣe ìgbà tí a dorí àwo kodò. Ìgbà tí ìṣàn epo bá já, tó wá di kíkán, ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Mo rántí ọ̀gá mi lọ́dún kan tí epo wọ́n, tí ọkọ̀ tò dé títì, tí fèrè ń dún lọ́tùn-ún lósì. Máníjà ilé epo náà gbé àga àti mínírà wá, ó ní kí bàbá sinmi díẹ̀ kí àwọn ọmọṣẹ́ parí ìyókù. Bàbá ò tilẹ̀ yíjú sí i. Ó tẹ àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ètè rẹ̀ ń kà. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ gbọn àwo náà kó lè yá. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kó ro tán."

Abẹ́ ìbòòji ló máa ń ti ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí bí ooru bá fi dígírì 1 lé sí i, bẹntiróòlù 20 lítà á fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlílítà 20. Bí epo bá ti dé ọrùn àwo, bàbá arúgbó yẹn á kúnlẹ̀ lórí kọnkéré kí ojú rẹ̀ lè bá ìlà dọ́gba, á sì dákẹ́ kó tó ka nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà á tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ẹnu pọ́ǹpù ní ṣíṣí gbayawu, ẹ̀ẹ̀kan ní dídẹ̀, nítorí mítà tó ti gbó kì í sọ ohun kan náà nígbà méjèèjì.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni kó ṣírò rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń jẹ mìlílítà 100 lórí 20 lítà kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé epo tó bá ta 10,000 lítà lọ́jọ́ kan á ti jẹ 50 lítà nínú owó aráàlú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó ń dùn mí láti rí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ báyìí: ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn, àwòrán lórí ògiri, ìwé ẹ̀rí, ó parí. Àwọn kan ń fi kẹ́ẹ̀gì 25 lítà dá ẹjọ́ pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ̀gì tó kún dé ẹnu ń gbà ju 25 lọ. Àwọn òṣùwọ̀n onísípíríìnì olówó pọ́ọ́kú kún ìsọ̀ alápatà. Sípíríìnì wọn ti rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Òfin Ìwọ̀n àti Òṣùwọ̀n wà nílẹ̀ láti ọdún 1974. Orí 11 nínú Ìwé Òwe àti Súrà 83 nínú Kùránì ti kìlọ̀ nípa ìwọ̀n èké ṣáájú òfin. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló kù.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ọmọ yìí ní àwo ìwọ̀n gidi àti àkókò tó pọ̀ lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó fi òǹtẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin aráàlú, bí ẹ bá bá wa nídìí pọ́ǹpù, ẹ má fun fèrè. Owó yín là ń wọ̀n.