Etí Tó Ń Ṣọ́ Òru Ukraine

Ariwo rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Íránì ló ṣe dúróònù Shahed-136, Rọ́ṣíà sì ti ń rán an sí Ukraine láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ẹ́ńjìnì kékeré tó wà nídìí rẹ̀ ń dún bí alùpùpù, alùpùpù náà sì ni àwọn ará Kyiv fi ń pè é. Kò yára: bíi 185 kìlómítà ní wákàtí kan ni. Ohun tó mú un léwu ni pé ó lè fò nílẹ̀ nílẹ̀ débi tí rédà kò fi ní tètè rí i, lóru, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tòun ti bọ́ǹbù tó wúwo tó bíi 50 kílò.

Owó tún ń dá kún ìṣòro náà. Àwọn onímọ̀ díye lé Shahed kan sí 20,000 sí 50,000 dọ́là. Misáìlì Patriot kan tí Amẹ́ríkà ń ṣe ń náni ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 dọ́là. Ẹni tó bá ń fi Patriot lé Shahed, àpò tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Ìdí nìyí tí ohun tí àwọn ẹnjinníà Ukraine ṣe fi wú mi lórí ju gbogbo ohun ìjà olówó ńlá lọ: ariwo tí dúróònù náà ń pa ni wọ́n fi ń mú un.

Sky Fortress ni wọ́n pe ètò náà. Maikirofóònù bíi 10,000 ni wọ́n gbé sórí òpó káàkiri ìlú àti oko, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju bíi 500 dọ́là lọ. Àwọn baba wa ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ni. Ní Ukraine, òpó ń bá ènìyàn gbọ́ ọ. Bí òpó kan bá gbúròó Shahed, yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Òpó tó wà níwájú yóò gbọ́, tiwájú rẹ̀ náà yóò gbọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ipa ọ̀nà kan. Àwọn tó lúgọ dè é yóò rí i lórí tábílẹ́ẹ̀tì wọn pé ó ti ń bọ̀, àti ibi tó dorí kọ.

Inú píkọ́ọ̀pù ni àwọn wọ̀nyí wà, pẹ̀lú iná ńlá àti ìbọn tó ń rọ̀jò ọta. Maxim wà lára ìbọn wọn, irú èyí tí Rọ́ṣíà ṣe ní 1910. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú: Maxim wà lára ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ja ogun Ìmagbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Awùjalẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú pé, lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ onílẹ̀ ni ìbọn náà wà.

Nínú gbogbo ohun ìjà tí wọ́n fi ń já Shahed lulẹ̀, Gepard ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Ìbọn ńlá méjì, mílímítà 35, ni Jámánì gbé sórí ẹsẹ̀ táǹkì Leopard 1. Rédà kan ń yí lẹ́yìn, èkejì ń tẹ ojú mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ yìn, ìbọn méjèèjì sì lè tu 1,100 ọta jáde ní ìṣẹ́jú kan. Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o tì ní 2010. Ní 2022 ni wọ́n kó o fún Ukraine, ó sì wúlò ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Ní 2024, James Hecker, ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní Yúróòpù nígbà náà, sọ pé nínú nǹkan bíi dúróònù 84 tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, bíi 80 ni Ukraine já lulẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ etí wọ̀nyí. Rọ́ṣíà náà kò sùn. Ó ti ń gbé Shahed gòkè kọjá ibi tí ọta àwọn píkọ́ọ̀pù lè dé, Ukraine sì ti ń ṣe dúróònù kéékèèké bíi Sting, tí ń lé Shahed bá lójú òfurufú, tí ń forí sọ ọ́ kí ó lè já lulẹ̀.