Àgọ́ Etíkun

Òmìnira ni ìwé atọ́nà kan tí mo kà pe pípàgọ́ létí òkun Olympic, ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Washington. N kò gbà. Ìgbọràn ni mo pè é. Ẹni tí yóò sùn ní aginjù etíkun ibẹ̀, tí wọ́n fi kún ọgbà náà ní 1953, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì ru agolo líle tí béárì kò lè ṣí. (Raccoon, ẹranko kékeré, gan-an ni olè ibẹ̀!) Òǹkọ̀wé náà to bàtà àti àgọ́ jọ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ìlà kan péré ni ó fún àtẹ ìkún àti ìfà òkun. Bẹ́ẹ̀, àwọn àpáta kan yọrí sínú omi níbẹ̀ tí a kò lè gba ìdí wọn kọjá bí òkun bá kún. Ẹni tí ó bá bọ́ sáàárín méjì, ó há nìyẹn.