Mabel Dove: Orúkọ Púpọ̀, Ohùn Kan

Olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Sagnarigu, létí Tamale ní àríwá Ghana, yóò ti gbọ́ ìbéèrè yìí rí: kí ni ìwé yóò ṣe fún ẹni tí ń lọ sílé ọkọ? Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Ní 1790, ní Amẹ́ríkà, Judith Sargent Murray kọ ọ́ pé ọpọlọ obìnrin kò kéré sí ti ọkùnrin, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi dù ú. "Constantia" ni ó fi bo orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó jọ ọ́ jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Mabel Dove, tí a bí ní Accra ní 1905.

Òun náà fi orúkọ bojú. "Marjorie Mensah" ni ó ń jẹ́ nínú ìwé ìròyìn Times of West Africa. Nínú Daily Times ti Nàìjíríà, ó di "Ebun Alakija", orúkọ tí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Orúkọ àdàpè fún un láyè láti sọ ohun tí ọmọ agbẹjọ́rò ńlá kò ní í lè sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: ọkùnrin kan gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ pé òun gan-an ni ó kọ iṣẹ́ Marjorie Mensah! Ẹni tí ń jà pé obìnrin lè ronú ni wọ́n fẹ́ gba ìrònú mọ́ lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn a máa dún bí ìwàásù nígbà mìíràn. Inú ìtàn àròsọ ni agbára rẹ̀ wà. Nínú "Anticipation", ọba kan tí ó láya rẹpẹtẹ rí ọmọbìnrin kan tí ń jó níbi àjọ̀dún. Ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì fẹ́ san owó orí rẹ̀. Àṣé aya rẹ̀ ni, tí ó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ó sì ti gbàgbé! Dove kò bú ọba. Ó jẹ́ kí òǹkàwé rẹ́rìn-ín ná, kí ó tó rí i pé ènìyàn ni wọ́n gbàgbé bẹ́ẹ̀. "The Torn Veil" le ju èyí lọ: ọkùnrin kan kọ aya tí ó fẹ́ nílànà ìbílẹ̀ sílẹ̀ nítorí obìnrin tí ó kàwé. Ẹ̀kọ́ obìnrin kan wá di ìyà obìnrin mìíràn, Dove kò sì fi í pamọ́.

Ní 1954 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ilé aṣòfin Gold Coast. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ̀wé, àwọn ará etíkun ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Dagbon, níbi tí ọmọbìnrin Yaa Naa ti ń jẹ oyè Gundo Naa, ì bá fún un ní ìtàn mìíràn nípa obìnrin àti àṣẹ. Bí olùkọ́ kan ní Sagnarigu bá tú ìtàn ọba onígbàgbé náà sí Dagbani fún kíláàsì rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.