Irin Ní Í Tú, Ọwọ́ Ní Í Dè

Ní ọdún 1978, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ní ìlú Òǹdó, ohun kan wà tí ọ̀gá mi máa ń ṣe tí ó ń yà mí lẹ́nu, tí n kò sì lè béèrè ìdí rẹ̀, nítorí pé láyé ìgbà náà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìfọ́tí ni. Bí oṣù tuntun bá ti wọlé, bàbá náà a kó àwa ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọdá títì lọ sí ìsọ̀ ẹni tí ń ra kòkó, a ní kí á gun orí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì padà wá fi ẹfun kọ iye tí olúkúlùkù wa wọ̀n sára ògiri. Kìlógíráàmù 60 ni tèmi. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀gá wa fẹ́ tà wá mọ́ kòkó.

Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wa nígbà náà ni ti ọkọ̀ Ìjàpá, Volkswagen ẹlẹ́yìn rugudu nì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ni ó de dúrọ́ọ̀mù búréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ṣáàfútù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 ni ó sì ń wọ̀ ọ́. Bí òjò àti ẹrẹ̀ bá ti bá nọ́ọ̀tì yìí gbé fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tí ó ti dógùn-ún, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi í gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́: a ó ti páìpù omi gígùn bọ ìdí sípánà, ọmọṣẹ́ méjì a gun orí páìpù náà, wọn a sì máa fò sókè sódò bí ẹni tí ń jó bàtá. Ní ọjọ́ kan tí mo ń fò báyìí, sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ̀, páìpù lọ, èmi náà sì tẹ̀lé e. Eyín iwájú mi tí ó ṣẹ́ létí lọ́jọ́ náà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń de nọ́ọ̀tì náà padà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò. Ọ̀gá a fi ẹfun sàmì sí ibì kan lórí páìpù, a pe ọ̀kan nínú wa, a ní, “Dúró síbí. Rọra. Má mira.” Bí ó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ àgbà tí ó sanra jù mí lọ ni ó pè, àmì ẹfun náà a sún mọ́ ìdí nọ́ọ̀tì ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ẹfun yìí sílẹ̀ báyìí ná. A ó padà bá a.

Nígbà tí mo gba òmìnira tán, mo lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ fi ojú rí ímpáàtì, ẹ̀rọ tí ń tú nọ́ọ̀tì, ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta táyà. Ó rí bí ìbọn ìléwọ́. Ọmọkùnrin tí ó mú un lọ́wọ́ tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì, ó fà á, irin náà bú kàràràrà, nọ́ọ̀tì márààrún sì ti wà nílẹ̀ kí n tó pajú dé. Mo fi ahọ́n kan eyín mi, n kò lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí mo tú u palẹ̀, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá, nítorí pé ilé arọ ni mo bá níbẹ̀. Ọmọ owú kan wà tí mọ́tò kékeré ń yí. Òpó irin kan wà níwájú tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, tí ó dúró bí òkúta tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin lé. Bí nọ́ọ̀tì bá gbọ́ràn, àwọn méjèèjì a jọ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì bá yarí, ọmọ owú a fà sẹ́yìn, a fún sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, a yọ kúrò lára òpó náà, a tún bẹ́ síwájú, a sì gbá a ní ẹ̀gbẹ́, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé lílù ni ó ń lù, tí kì í ṣe pé ó ń tì, ara nọ́ọ̀tì ni agbára náà ń lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ́ ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Iṣẹ́ Ògún Lákáayé ni, akin tí ń fi irin na irin.

Ní ayé ìsinsìnyí tí àwọn onímọ́tò ti ń ra ímpáàtì sí ilé ara wọn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi mí pé, “Bàbá, èwo ni kí n rà?” Èmi náà a bi í pé, kí ni ẹ fẹ́ fi í tú? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ímpáàtì oníatẹ́gùn ni àwa onísọ̀ fẹ́ràn, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í tètè gbó. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ kò ti lè ṣe é láìsí ẹwìrì, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò lè ṣe é láìsí kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ tí yóò máa fẹ́ ẹ ní nǹkan bí 90 psi, ta ni yóò sì gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìnkùlé nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo? Oníwáyà lágbára, ṣùgbọ́n ibi tí iná bá wà nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n jà. Oníbátìrì ni mo máa ń yàn fún ará ilé, nítorí pé ó lè gba iná sára ní òru ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná wá, kí ó sì ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bá mú un lọ. Táyà pẹ̀lú kì í yan ẹnu ọ̀nà ilé ẹni kí ó tó jò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún páálí. Bátìrì tí wọ́n kọ fóltì 18 sí àti èyí tí wọ́n kọ 20 sí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọmọ bátìrì márùn-ún ni ó tò léra nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3.6 ni iye ọ̀kan bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì lè tó 4 bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yó. Mo ra ọ̀kan ní ọjà kan tí wọ́n kọ 128 sí gàdàgbà. Mo ṣí i, mo kà á, márùn-ún náà ni mo bá. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni Ah, èyí tí í sọ bí ikùn bátìrì ti tóbi tó: 4 tàbí 5 dára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹnu onígun mẹ́rin tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Ìdajì íǹṣì ni ti ọkọ̀ ilé. 3/8 wà fún kọ̀rọ̀ inú ẹ́ńjìnnì. 3/4 sókè, ti àwọn ọlọ́kọ̀ àjàgbé ni. Ẹ wá wo agbára ìyípo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi Nm kọ. Iye méjì ni ó máa ń wà níbẹ̀: èyí tí ó pọ̀ jẹ́ ti títú, èyí tí ó kéré jẹ́ ti dídè, èyí tí ó pọ̀ nìkan ni ojú òǹrajà sì máa ń rí. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ Corolla, 103 Nm ni a fi ń dè é. Ti Accord, 108. Bóòtì ti Golf, 120. Bí ìdógùn-ún bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ímpáàtì tí ó bá lè fi nǹkan bí 500 tú nǹkan ti borí rẹ̀. Ẹni tí ó ra 1,400 nítorí Corolla, àáké ni ó gbé láti fi gé èékánná. Ẹ wo bí ó ti wúwo tó pẹ̀lú: ẹ fi bátìrì sí i, ẹ fi ọwọ́ kan nà án síwájú, kí ẹ kà dé ọgọ́ta. Bí apá bá ti ń gbọ̀n, ẹ dá a padà fún òǹtajà.

Kí ẹ má sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì funfun tí ń dán sí i. Irin yẹn le, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n gba ẹgba. Ó lè sán, kí èérún rẹ̀ sì fò mọ́ ojú. Dúdú ni ti ímpáàtì, tí ara rẹ̀ nípọn, tí igun inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà: 17, 19 àti 21 yóò ṣe é fún púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó wà níta. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ wọ awò.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi dá ni ó kọ́ mi ní èyí tí ó kù. Lẹ́yìn tí mo padà sí Òǹdó, mo pààrọ̀ táyà fún oníbàárà mi kan, olùkọ́ àgbà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń kánjú lọ sí òde, mo sì fi ímpáàtì de nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí irin fi ké. Ní ọjọ́ kẹta, táyà náà jò ní ọ̀nà Àkúrẹ́. Sípánà inú bọ́ọ̀tù rẹ̀ kò lè tú ẹyọ kan, ilẹ̀ sì ṣú bàbá náà sójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, kò bú mi. Ó kàn fi sípánà náà lé mi lọ́wọ́, mo sì rí i pé ó ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ara ògiri ni mo gbé e kọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Láti ọjọ́ náà, irin ní í tú fún mi, ọwọ́ ní í dè. Ìka mi ni mo fi ń yí nọ́ọ̀tì wọlé, kí n lè mọ̀ bí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. N ó máa dè wọ́n láti ẹyọ kan sí èyí tí ó kọjú sí i, kí ríìmù lè jókòó déédéé. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti kanlẹ̀, n ó fi sípánà oníwọ̀n parí rẹ̀ títí yóò fi ké “kẹ́,” n ó sì dúró níbẹ̀, nítorí pé nọ́ọ̀tì tí a bá dè ní àdèjù ń fa bóòtì gùn, ó sì lè mú kí pẹrẹsẹ búréèkì wọ́.

Ìgbà tí mo ra sípánà oníwọ̀n yìí ni mo tó rí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ Ìjàpá kà, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ nípa nọ́ọ̀tì 36 nì mú kí n wá ibi jókòó. 294 Nm ni: kìlógíráàmù 30 lórí ọwọ́ sípánà tí ó gùn ní mítà 1. Kìlógíráàmù 60 lórí ìdajì mítà, iye kan náà ni. Ọ̀gá mi kò ní sípánà oníwọ̀n. Àwa ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan gbé Ìjàpá àtijọ́ kan wá. Ímpáàtì tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó húkọ́ tán. Nígbà tí ó di dídè, mo wá páìpù, mo wá ẹfun. Mo ti sanra, 82 ni mo wọ̀n nísinsìnyí, nítorí náà mo sàmì síbi tí ó ku díẹ̀ kí ó pé sẹ̀ǹtímítà 37, mo gun ibẹ̀, mo rọra, n kò mira. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi sípánà oníwọ̀n sí 294, mo fà á. Ó ké “kẹ́.” Nọ́ọ̀tì náà kò mira. Mo ṣí fìlà.