Ajá Kékeré Lẹ́nu Ihò Òkété

Etí ni bàbá ọdẹ máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Òsì, á fi orúnkún méjèèjì há ajá rẹ̀ pẹ̀lẹ́, á sì ṣí etí rẹ̀ síta bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ. Irun ajá ilẹ̀ wa kúrú, etí rẹ̀ sì nà sókè, nítorí náà eégbọn kì í rí ibi púpọ̀ sá sí. Inú kọ́lọ́fín etí ló ń wọ̀, tàbí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bàbá kì í já a gbà. Ibi tó sún mọ́ awọ jù lọ ló ń fi èékánná méjì mú, á wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà ṣẹ́ kù sínú ara. Agolo tó ní kẹrosíìnì nínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń jù ú sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wá ẹ̀gún.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá yìí. Abo ni, kò ga dé orúnkún àgbàlagbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sóko ọdẹ, ẹ̀bà díẹ̀ tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ rin ló ń jẹ, torí ajá tó bá yó kì í fẹ́ sáré.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú ẹ̀dá báyìí dáadáa. Ajá tí wọ́n ń pè ní terrier, ńṣe ni wọ́n ṣà á bí kó lè wọ ihò lọ bá ẹran. Àwọn kékeré nínú wọn wà tí wọ́n fi ń pa eku nílé ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Tiny, tí kò wúwo ju kílò méjì àbọ̀ lọ, pa eku 200 kí wákàtí kan tó pé. Ìgboyà irú ajá bẹ́ẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ewu wà: ó lè há sínú ihò, òkété sì lè fi eyín ya imú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí bàbá yìí ń ṣe, n kò rí ọ̀kan tó fi ń kọ́ ajá láti bu nǹkan jẹ. Ìdúró ló ń kọ́ ọ.

Àtikékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Awọ òkété gbígbẹ tí wọ́n ki àkísà bọ̀ ló ń jù sílẹ̀ fún ọmọ ajá. Bí ó bá ti gbé e, bàbá á di awọ náà mú, kò ní fà á, kò sì ní pariwo. Á kàn dúró. Nígbà tó bá sú ọmọ ajá, tó yanu, bàbá á sọ pé “Ó tó,” á sì fi ẹran bíńtín sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Sùúrù tí mo rí níbẹ̀ pọ̀ gan-an.

Tó bá dọjọ́ ọdẹ, ìdí ọ̀pẹ ni òun àti Tanímọ̀la ń lọ, lójú ọ̀nà Ìlọfà, níbi tí òkété ti ń ṣa ẹyìn jẹ. Bàbá á so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn. Bí Tanímọ̀la bá ń wá kiri, ṣaworo á máa dún wọ́wọ́. Bó bá gbóòórùn, ìró náà á yára. Tó bá dé ojú ihò tí ẹran wà nínú rẹ̀, ìró á dá wáí. Bàbá kì í wo ajá rárá nígbà yẹn, ilẹ̀ ló ń wò, ó ń wá àwọn ojú ihò yòókù, nítorí òkété kì í gbẹ́ ẹyọ kan. Òkúta àti ògúlùtu ló fi ń dí wọn, á ṣẹ́ ẹyọ kan kù, á wá fi iná sí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, á sì fi fìlà fẹ́ èéfín wọlé.

Ẹran tó gbọ́n ni òkété. Ìbátan rẹ̀ kan ni àjọ APOPO ń kọ́ ní Tanzania láti fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Magawa rí bọ́ǹbù tó lé ní 70 ní Cambodia, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020. Irú imú bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ihò tó ń gbóòórùn ajá lókè.

Lọ́jọ́ kan, lójú ihò bẹ́ẹ̀, ìka méjì péré ni bàbá gbé lé ẹ̀yìn ọrùn Tanímọ̀la. Kò so ó. Gbogbo ara ajá náà ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Òkété yọ orí, ìka náà kò kúrò. Ó yọ èjìká, ìka kò kúrò. Ìgbà tó jáde tán tó fẹ́ sáré ni bàbá gbé ọwọ́. Tanímọ̀la mú un lẹ́yìn ọrùn, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan.

“Ó tó.”

Ó fi í sílẹ̀. Awọ òkété náà kò ya.

Níbẹ̀ náà ni bàbá ti fa ọ̀bẹ yọ, ó la ẹran, ó sì fún ajá ní ẹ̀dọ̀ kí ó tó di ìyókù sínú àpò. Kì í mú owó ọ̀yà yìí délé. Ajá tí kò bá rí tirẹ̀ gbà lójú ihò á kọ́ láti gbé ẹran sá.

Wọ́n padà délé, ó tún há a sáàárín orúnkún, ó ya ẹnu rẹ̀, ó fi ìka wo èrìgì àti ahọ́n. Ọwọ́ tó ń wọ ẹnu ajá lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ fi dìgbòlugi ṣeré, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́dọọdún. Lórí imú ajá, ó rí ojú eyín kan tó pupa. Ó fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ń wú. Ẹnìkan láti ẹgbẹ́ ọdẹ wá béèrè bóyá wọ́n lè jọ jáde lọ́la. Bàbá ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n jẹ́ kí imú yìí jinná ná.