Fíìmù Rise Lójú Àwọn Lámèyítọ́: Ta Ni Olú Ẹ̀dá-Ìtàn?

Ọdún 2022 ni fíìmù Rise, tí Akin Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ darí, jáde. Ìtàn ìgbésí-ayé Giannis Antetokounmpo, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ló dá lé. Yorùbá ni Charles, bàbá rẹ̀. Ìgbò ni Vera, ìyá rẹ̀. Ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n bí i sí ní 1994. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé náà kí àkọtọ́ èdè Gíríìkì tó yí i padà.

Ohùn àwọn lámèyítọ́ kò ṣọ̀kan lórí fíìmù yìí. Àwọn kan yìn ín fún bí ó ṣe fi ìfẹ́ àárín ẹbí hàn. Àwọn mìíràn ní àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ ti di ohun àmọ̀tẹ́lẹ̀: ọmọ tálákà jìyà, ó forí tì í, ó sì borí.

Àríwísí kejì yìí ìbá fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé Giannis nìkan ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú, tí àwọn òbí kò ní, ló so ìtàn náà ró. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù kí ìjọba má lé wọn kúrò nílùú. Àkọ́bí wọn sì wà lọ́dọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà. Bàtà ẹyọ kan tí Giannis àti Thanasis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pín wọ̀ kọjá àmì ìṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà ni ó ń fi hàn.

Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí ìtàn dé góńgó ní 2013, nígbà tí ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks yan Giannis ní ipò 15. Charles kú ní 2017. Giannis kò bá ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ títí di 2021. Bí fíìmù náà bá dé ibẹ̀, ìtàn akọni kan ṣoṣo ni ìbá dà.

Èdè ni àléébù tó hàn jù. Gẹ̀ẹ́sì ló gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Èyí bá ilé tí bàbá àti ìyá kì í ṣe ọmọ èdè kan náà mu, ṣùgbọ́n ó bo ààlà tó wà láàárín èdè ilé àti èdè ìgboro Athens mọ́lẹ̀. Ààlà yìí ni ìbá jẹ́ kí òǹwòran mọ bí ó ṣe rí láti jẹ́ àlejò níbi tí wọ́n bíni sí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lo fíìmù náà ní kíláàsì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.