Akọ̀ròyìn Ojú Ogun: Ẹlẹ́rìí Ni Tàbí Ọmọ Ogun?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ń pè ní Al-Amin kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, iyàn kan wà tí kì í tán nígbàkígbà tí ogun bá bẹ́. Bí ìlú akọ̀ròyìn bá ń jagun, ṣé ohun tí yóò dùn mọ́ ìlú rẹ̀ ni kí ó sọ, àbí ohun tí ojú rẹ̀ rí? A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dáhùn. Iṣẹ́ ẹnì kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò: ìròyìn tí Peter Arnett ti ilé iṣẹ́ tẹlifísàn CNN rán láti Baghdad ní 1991.

Ọmọ New Zealand ni Arnett, kí ó tó di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ náà. Ìròyìn ogun Vietnam ni ó fi gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1966. Iraq gba Kuwait ní oṣù kẹjọ ọdún 1990. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Baghdad ní oṣù kìíní ọdún 1991, ìjọba Iraq lé ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn òkèèrè jáde. Arnett dúró.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù kejì, bọ́ǹbù méjì láti inú ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà wọ inú ilé ìsádi Amiriyah. Ènìyàn tí ó lé ní 400 ni ó kú, obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ní ibi tí Iraq ti ń darí ogun ni. Arnett àti àwọn akọ̀ròyìn yòókù tí wọ́n dé ibẹ̀ ròyìn òkú tí wọ́n rí. Ṣáájú èyí, ó ti ròyìn ilé iṣẹ́ kan tí bọ́ǹbù wó, tí ó ní wàrà ọmọdé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ohun ìjà olóró ni. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i. Alan Simpson, aṣòfin àgbà, pè é ní ẹni tí ń ṣe ti ọ̀tá, ó tilẹ̀ tún kan àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀, ọmọ Vietnam. Lẹ́yìn ogun, ó tọrọ àforíjì.

Kí ni àwa rí sí iṣẹ́ náà? A kò ní sọ pé kò lábùkù. Àwọn ènìyàn ìjọba Iraq ń bá Arnett kiri, ibi tí wọ́n bá mú un dé ni ó ń rí, wọ́n sì ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kí ó tó jáde. CNN kò fi èyí pamọ́ fún àwọn òǹwòran. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Saudi náà, ológun ni ó ń mú wọn kiri, tí ó sì ń yẹ ìròyìn wọn wò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti apá kan, ìdajì ni ó gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ wo ohun tí ìròyìn tí kò ní ẹlẹ́rìí ń fà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ọmọdébìnrin kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Nayirah sunkún níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn ọmọ ogun Iraq ń yọ ọmọ ìkókó kúrò nínú ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ààrẹ Bush tún un sọ léraléra. Ogun ti parí kí gbogbo ayé tó mọ̀, ní 1992, pé ọmọ aṣojú Kuwait ní Amẹ́ríkà ni. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ kò rí ẹ̀rí tí ó gbe ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwà ìkà tòótọ́ pọ̀ ní Kuwait tí à bá sọ: wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n dáná sun kànga epo tí ó lé ní 600. Irọ́ náà ba òtítọ́ jẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé Ànábì wa pe ogun ní ẹ̀tàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn láàárín ọ̀gágun àti ọ̀tá rẹ̀ ni. Kí akọ̀ròyìn má tú àṣírí ọ̀nà tí ọmọ ogun yóò gbà, èyí dára, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Kí ó wá purọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ńkọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí ó fi òkú Amiriyah han Amẹ́ríkà kò ta Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n a kò ní yin Arnett já. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, nínú ogun Iraq kejì, ó jókòó lórí tẹlifísàn ìjọba Iraq, ó sì sọ níbẹ̀ pé ètò ogun àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ti kùnà. NBC lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun náà sì tọrọ àforíjì. Ní 1991, ohun tí ó rí ni ó sọ. Ní 2003, èrò rẹ̀ ni ó gbé lọ sí ilé ọ̀kan nínú àwọn tí ń jà. Ẹlẹ́rìí tí ó bá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùpẹ̀jọ́, ta ni yóò tún gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ kan àwa Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn Arnett nítorí Amiriyah. Ṣé à bá fẹ́ràn rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹkún àwọn ará Kuwait, tí àwọn náà jẹ́ Mùsùlùmí, ni ó gbé wá? Nínú Súúrà Nisāi, āyà 135, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako àwa fúnra wa, àwọn òbí wa àti ẹbí wa. Súúrà Hujurāt, āyà 6, ní kí á wádìí ìròyìn tí ọ̀bìlẹ̀jẹ́ bá mú wá, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn níbi kí á sì wá kábàámọ̀. Kò yọ ìròyìn tí ó dùn mọ́ wa sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má fi wá sí ipò ẹni tí ó fi ẹ̀rí pamọ́. Àmín.